Òní Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ òkè òkun, èmi a máa dákẹ́ ni. Ẹni tó lọ sí òkè òkun ti wọ bàálù, ó ti rí yìnyín, ó ti wọ kóòtù tó balẹ̀ dé orúnkún. Èmi ò wọ bàálù, òtútù kankan ò sì mú mi. Láti abúlé wa lẹ́bàá Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn ará Èkó ń pe gbogbo rẹ̀ ní Kútọnu ṣáá, ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè dé Ajégúnlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n àjò ni àjò ń jẹ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ bàbá ẹni, ẹ má tàn mí, òkè òkun ni.

Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì ni pé mo débẹ̀ tán, mi ò jẹ́ Yorùbá mọ́. Màmá Ṣikẹ́rá, tí ilẹ̀kùn yàrá wọn kọjú sí tèmi ní Amukoko, ní ìhà Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n ń ránṣọ lábẹ́ àkàsọ̀ ilé wa, gbọ́ ìkíni mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Àgànyìn ni ẹ́, àbí?"

Àgànyìn ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá ti apá Kútọnu àti Tógò wá. Mo ní, "Rárá o, Mà. Yorùbá ni mí. Kétu ni mo ti wá."

"Yorùbá wo ló ń fa ọ̀rọ̀ gùn báyìí? Àgànyìn, ẹ̀wà rẹ dà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. N ò se ẹ̀wà tà rí láyé mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń wọlé, ẹnì kan á ṣáà béèrè ẹ̀wà lọ́wọ́ mi. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí tán ni inú mi máa ń bàjẹ́. Ní Kétu, ọlọ́pàá tó ń sọ Faransé ń pè wá ní Nàgó, ìyẹn Yorùbá. Mo wá sáàárín àwọn tí a jọ ń sọ èdè kan náà, wọ́n ní Àgànyìn. Ibo ni mo wá fẹ́ lọ?

Èdè tí wọ́n ń sọ ní ìta Ajégúnlẹ̀ gan-an tún wá yàtọ̀. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Íbò, ọmọ Ìjọ́, gbogbo wọn ń sọ Píjìn mọ́ra wọn lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Sista, how far?" Mo bi Màmá Ṣikẹ́rá ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n ní ó túmọ̀ sí "báwo ló ṣe jìnnà tó?" Mo rò pé ilé mi ni wọ́n ń béèrè. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń dá wọn lóhùn pé, "Ó jìnnà díẹ̀." Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n kàn ń kí mi ni. Ó dùn mọ́ wọn nínú ni.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìgbálẹ̀ àti tíì pípò ní ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Àpápá. Ọ̀gá wa máa ń fi ẹsẹ̀ fo gáńgán lórí omi tí mo bá fi nulẹ̀, wọn ò ní wo ojú mi. N ò bínú sí wọn. Ta ló ń wo ojú ìgbálẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, ìwé ẹrù kan dé láti Kútọnu, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ọ̀gá ń pariwo. Blessing, akọ̀wé wa, ń yí ìwé náà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń wá ojú tó kọ sí. Mo na ọrùn láti ibi tí mo ti ń nulẹ̀, mo sì kà á.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe táyà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Blessing ní, "Aunty! You sabi French?"

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀ràn náà yanjú tán, Ọ̀gá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Wọ́n rò pé owó oṣù ni n ó sọ. Mo ní nọ́ńbà tó ń ṣí wáífáì ọ́fíìsì ni mo fẹ́. Blessing rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà, orúkọ mi sì di Màdáàmù Faransé. Inú mi dùn dé ilé. Bí mo ṣe rántí, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gba ojú ọ̀nà kọjá láìrò pé ẹnì kan ń béèrè ẹ̀wà.

Ìdí tí mo fi fẹ́ wáífáì náà ni pé èmi ni mo kàwé jù nílé wa, kíláàsì kẹwàá ni mo sì bá a dé. Lẹ́tà tó bá wọ agboolé, ìwé òògùn, ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara ilé-ẹjọ́, èmi ni mò ń kà á. Ìyá mi ò mọ Á yàtọ̀ sí B. "Ojú mi" ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo fẹ́ wá sí Èkó, ohun tí wọ́n sọ nìkan ni pé, "Ojú mi ń lọ, kí ni n ó máa fi ríran?" Mo wá ń wá bí n ó ṣe máa ka ìròyìn ilé fún wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì yàrá mi ní Amukoko kì í gbé ju kí a fi pe ènìyàn lọ. Bí mo bá ní kó ṣí ojú ìwé kan, ilẹ̀ á ṣú, kò ní ṣí.

Bọ̀dá Sùnmọ́nù ló tú mi sílẹ̀, tàbí kí n sọ pé àwọn ló dì mí. Àwọn ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ́fíìsì wa. Bí ó bá kàn wọ́n láti wọ pọ́ọ̀tù, wọ́n lè wà lórí laìnì àwọn ọkọ̀ ní Coconut lẹ́bàá pọ́ọ̀tù fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kí ọkọ̀ má kúrò lójú kan. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì láti kó ìwé ìròyìn sínú fóònù, kí wọ́n lè rí nǹkan kà nínú ọkọ̀.

"Àbúrò, wò ó," wọ́n ní. "Áàpù yìí kì í béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó o bá ti kó ìròyìn sínú rẹ̀ tán. Tẹ ibí yìí. Àmì roboto á máa yí. Tó bá ti dúró, ó parí. O lè gbé e wọnú kànga, wàá kà á."

Wọ́n bá mi wá irú rẹ̀ tó jẹ́ ti Faransé. Lókè pátápátá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: *Aujourd'hui*. Bọ̀dá ní kí n pè é. Mo ní, "Ojúdúwì."

"Ojú dúdú ta ni?"

"Òní ni, Bọ̀dá. Ìròyìn òní ló túmọ̀ sí."

"Ìyẹn dáa. Èmi tí mo wà lórí laìnì, gbogbo ọjọ́ ni òní. Ìròyìn ọjọ́ Ajé tí mo bá kà lọ́jọ́ Ẹtì, kí ló kàn mí? Ibi tí mo wà náà ni mo ṣì wà."

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí n ronú sí i.

Báyìí ni ó ṣe di àṣà mi. Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, n ó tẹ̀ ẹ́, àmì roboto á yí, á dúró. Nírọ̀lẹ́, lórí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, n ó kà á, n ó sì pe ilé. Àbúrò mi ọkùnrin, Ráfíù, ló ń gbé fóònù fún ìyá wa. Wọn kì í kí mi tán tí wọ́n á fi ní, "Ojú mi, kí ni ìròyìn òní?" N ó sọ fún wọn pé odò kún ní ìlú báyìí, pé wọ́n fẹ́ la ọ̀nà kọjá ibì kan. Ìlú tí mò ń sọ lè má tó ìrìn wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wọn á kọ́kọ́ lọ sí Èkó, á tó padà bá wọn. Ní òwúrọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ẹnu kànga: "Ọmọ mi sọ ọ́ láti Èkó." Ráfíù ní àwọn obìnrin kan ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ kí wọ́n tó fami. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, èmi kì í ṣe Àgànyìn, èmi kì í ṣe ìgbálẹ̀. Ọmọ tó ń ríran fún ìyá rẹ̀ ni mí. Ìyẹn ló mú mi dúró fún ọdún mẹ́ta.

Ní ọdún kẹta ni egbò yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá mi. Wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ tipẹ́. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ilé ìwòsàn ìlú ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá mi ní àwọn ò ní fi ẹsẹ̀ kan wọ sàréè. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí mo ti kó ìròyìn ọjọ́ náà sínú fóònù tán, Ráfíù fi fọ́tò egbò náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó, mo jókòó sórí búkẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ dé. N ò ka ìròyìn kankan lọ́jọ́ yẹn.

Ìyàwó Ọ̀gá ló mọ dókítà kan ní Àpápá tó ń tọ́jú irú egbò bẹ́ẹ̀, ọjọ́rú nìkan ló ń wá sí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì àti Sátidé, ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀ láàárín ìyàwó Ọ̀gá àti dókítà náà. Dókítà wo fọ́tò náà lórí fóònù ìyàwó Ọ̀gá. Ó ní bí wọ́n bá gbé e dé ọjọ́rú tó ń bọ̀, òun lè gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà là. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òun ò ṣèlérí. Wàhálà kan ṣoṣo tó kù ni pé ẹnubodè wà ní títì. Ìjọba méjèèjì ń bá ara wọn fa nǹkan kan tí kò yé irú wa, wọ́n sì ti ti ọ̀nà pa.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ áàpù bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àmì roboto yí, yí, ó dúró. Nígbà tí mo dé ilé, mo ṣí i. *Aujourd'hui.* Lábẹ́ rẹ̀ gan-an: wọ́n ti ṣí ẹnubodè fún èrò.

Mo pariwo. Màmá Ṣikẹ́rá sáré jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Àgànyìn, kí ló pa ẹ́?"

"Mà, wọ́n ti ṣí ọ̀nà! Lónìí!"

Wọ́n dì mọ́ mi. Mo pe ilé.

Ráfíù ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ní títì ló wà o. Wọ́n ní wọ́n ṣí i, wọ́n tún ti tì í."

Inú bí mi. "Ṣé awakọ̀ ló ń kọ ìròyìn ni? Mò ń kà á lójú mi báyìí, ìwọ ń sọ ti gáréèjì. Òní ni wọ́n kọ síbẹ̀, Ráfíù. Òní!"

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀. "Ráfíù, dákẹ́. Ojú mi ló kà á. Lọ wá ọkọ̀."

Wọ́n gbéra ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ku díẹ̀ kó di agogo méjìlá tí Ráfíù pè. Títì ni. Àwọn ṣọ́jà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi dínà. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bóyá àṣẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni, pé mo kà á. Mo ń nu tábìlì kan náà títí Blessing fi ní, "Aunty, e don clean nau."

Àwọn ọlọ́kadà kan ní àwọn lè gbé wọn gba inú igbó kọjá. Ráfíù gbé ìyá wa sórí ọ̀kan. Ibi tí ọ̀kadà ti kọ́kọ́ kó sí kòtò, ìyá mi ké, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ àwọn kalẹ̀. Wọ́n padà sí abẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà. Iwájú ò ṣe é lọ. Ẹ̀yìn náà, èmi ni mo ní kí wọ́n má tíì padà.

Lọ́jọ́rú, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí ilé ìwòsàn náà. Mo gba káàdì ní orúkọ ìyá mi. Mo jókòó sáàárín àwọn tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn sórí àga. Mo ń sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà nísinsìnyí, bí ọkọ̀ bá sáré. Wọ́n pe orúkọ ìyá mi. Èmi ni mo dìde.

Dókítà wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó wo ojú mi. "Ìyá dà?"

"Wọ́n wà ní ẹnubodè, sà."

Ó fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní òun máa wà níbẹ̀ di agogo mẹ́rin. Mo dúró di agogo mẹ́rin. Nígbà tó ń jáde, ó rí mi, ó rọra mi orí, ó kọjá. Mo mú káàdì náà dání dé Amukoko, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Sùnmọ́nù wá kó ìròyìn sínú fóònù wọn, wọ́n tún fẹ́ lọ tò sórí laìnì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n pòṣé.

Blessing ní, "Bọ̀dá, no worry yourself. Wáífáì no dey since last Thursday. Dem never come repair am."

Mo dúró pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo yọ fóònù mi. Mo ṣí ìròyìn ẹnubodè náà, mo fi ìka fà á sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, dé ibi tí n kì í dé. Lẹ́tà wínníwínní kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Déètì ni. Ọjọ́bọ̀ ni. Àmì roboto tó yí lọ́jọ́ Ajé kò rí nǹkan kan mú wá, ó kàn dúró ni, ó sì gbé òní àtijọ́ fún mi. Àwọn awakọ̀ gáréèjì mọ̀ jù mí lọ. Wọ́n ṣí ẹnubodè lọ́jọ́bọ̀, ó wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tún tì í ní Sátidé. Ìròyìn náà wà nínú àpò mi ní gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ òótọ́. Ká ní mo kà á lọ́jọ́ tí òní ṣì jẹ́ òní, ìyá mi ì bá ti kọjá.

Mo fi han Bọ̀dá Sùnmọ́nù. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Àbúrò," wọ́n ní, "èmi ń fi pa àkókò ni. N ò mọ̀ pé ìwọ ń fi rìnrìn àjò."

Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Mo lọ sí ilé ìgbẹ́ ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún sínú aṣọ ìnulẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá mi àti Ráfíù padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ìlú gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ìyá mi yè é. Mo dúpẹ́, mo sì mọ̀ pé ọpẹ́ náà ò kún.

Mo gbọ́ pé gbogbo ẹni tó bá wá kí ìyá mi, ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ fún un. "Ìjọba ló ṣe é. Ọmọ mi kà á pé wọ́n ṣí i, wọ́n sì ṣí i lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n rí i pé èmi ni mò ń bọ̀ ni wọ́n tún tì í." Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé bóyá ọmọ náà ṣì í kà, inú á bí wọn. Wọ́n ń gbèjà mi lọ́wọ́ gbogbo abúlé, lórí ẹní tí mo tẹ́ wọn sí.

Mo ti fẹ́ sọ fún wọn. Ìròyìn mìíràn ni mo máa ń kà fún wọn dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ráfíù nìkan ló gbé fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n kọ ìròyìn ọjọ́sí?" Mo ní n ò gbọ́ ọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lọ́jọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Kò tún bi mí mọ́, ìyẹn sì burú jù.

Wọ́n ti ṣí ẹnubodè báyìí. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń lọ. Màmá Ṣikẹ́rá rán ṣòkòtò kan fún ìyá mi tó ní ẹsẹ̀ kan gígùn, ẹsẹ̀ kan kúkúrú, wọ́n ní, "Àgànyìn, gbé e lọ fún wọn." Ó wà lórí ibùsùn mi. Ọ̀dọ́kùnrin ẹnu ọ̀nà bi mí lánàá, "Sista, how far?" Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tipẹ́. Mo ní, "Ó jìnnà."

Wọ́n ti tún wáífáì ọ́fíìsì ṣe. Mo ṣì ń tẹ áàpù kí n tó kúrò níbẹ̀. Ojú ìwé ọjọ́bọ̀ náà ṣì wà nínú fóònù mi, n ò lè pa á rẹ́. Mo pe ilé nírọ̀lẹ́ yìí náà. Ìyá mi gba fóònù.

"Ojú mi, kí ni ìròyìn òní?"

Mo ní, "Ẹ dúró díẹ̀, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo déètì rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Déètì kẹ̀? Ṣé òní kì í ṣe òní ni?"

Mo fi ìka fà á sísàlẹ̀ dé ibi lẹ́tà wínníwínní náà. Mo ní, "Òní ni, Ìyá mi," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.